Láti Àpótí Káàdì Dé Ojú Ẹ̀rọ

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1971, ní ìlú Athens ní ìpínlẹ̀ Ohio ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé Alden ti Yunifásítì Ohio jókòó sídìí ẹ̀rọ kan tí ó ní ojú gíláàsì bíi ti tẹlifíṣọ̀n. Wáyà tẹlifóònù ni ó so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà kan tí ó wà ní ìlú Columbus. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò ju pé kí wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ìwé tuntun lọ: ta ni ó kọ ìwé, kí ni àkọlé rẹ̀, níbo ni a ti tẹ̀ ẹ́, ní ọdún wo, ojú-ìwé mélòó ni ó ní. Ìwé 133 ni wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ wọn lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ ilé-ìkàwé lè béèrè pé kí ni ìyẹn já mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó rí níwájú òkìtì ìwé, tí ó ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ káàdì wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó ń fi bíléèdì ha àṣìṣe kúrò lójú káàdì nítorí pé lẹ́tà kan ṣoṣo ṣì í lọ́wọ́, ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní í béèrè.

Láti mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí yí padà, ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ ohun tí ó bá nílẹ̀. Àpótí káàdì ni. Káàdì kọ̀ọ̀kan kò ju sẹ̀ǹtímítà 12.5 ní ìbú àti 7.5 ní gíga lọ. Ihò kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ọ̀pá irin máa ń gbà kọjá kí ẹnikẹ́ni má baà yọ ọ́ lọ. Ìwé kan ṣoṣo kì í ní káàdì kan ṣoṣo. Ó kéré tán, ọ̀kan wà fún orúkọ òǹkọ̀wé, ọ̀kan wà fún àkọlé, ọ̀kan sì wà fún ohun tí ìwé náà dá lé. Láti ọdún 1901 ni Library of Congress, ìyẹn ilé-ìkàwé ńlá tí ó wà ní Washington, ti ń tẹ irú káàdì bẹ́ẹ̀ tà fún àwọn ilé-ìkàwé mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 mọ àpótí náà dáadáa: bí dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ti ń dún tí a bá fà á, bí etí káàdì ti ń dọ̀tí níbi tí ìka àwọn ènìyàn ti máa ń kàn án jù.

Àpótí yìí ní ọgbọ́n tirẹ̀, ó sì ní ìkà tirẹ̀. Káàdì tí a bá fi sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀, ìwé rẹ̀ ti sọnù nìyẹn, bí ó tilẹ̀ wà lórí pẹpẹ tí gbogbo ojú ń rí i. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ pé ìwé kan wà, ṣùgbọ́n tí kò mọ orúkọ tí ó ń jẹ́, yóò wá a títí. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń wá káàdì kan kò ní í ṣàì fi ìka kan ogún mìíràn kí ó tó dé ibẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bá ohun tí wọn kò wá pàdé nínú dúrọ́ọ̀, tí ó sì máa ń wúlò fún wọn ju ohun tí wọ́n wá lọ.

Obìnrin kan ni ó wá ọ̀nà tí ohun tí ó wà lójú káàdì yóò fi di ohun tí ẹ̀rọ lè kà. Henriette Avram ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní New York ní ọdún 1919. Iṣẹ́ ìṣègùn ni ó fẹ́ ṣe nígbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò gba ibẹ̀ lọ. Ó lọ sílé ọkọ, ó bímọ, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò, nígbà tí ó sì di ọdún 1952 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ètò fún kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba, nígbà tí àwọn tí ó mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì tó nǹkan. Ní ọdún 1965 ni ó dé Library of Congress. Kò kọ́ṣẹ́ ilé-ìkàwé rí. Bóyá èyí gan-an ni ó ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ohun tí ojú ti mọ́ kì í ya ojú lẹ́nu mọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kí ó tú káàdì palẹ̀, kí ó mọ gbogbo ohun tí ó wà lójú rẹ̀ àti ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wà níbi tí ó wà.

Ohun tí ó ṣòro níbẹ̀ ni èyí. Ènìyàn tí ó bá wo káàdì mọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, pé Fágúnwà ni òǹkọ̀wé, pé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni àkọlé, pé 1938 ni ọdún tí ìwé náà kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀rọ kò mọ ọ̀kankan nínú èyí. Lójú tirẹ̀, lẹ́tà lásán ni gbogbo rẹ̀. Avram àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi nọ́ńbà síwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: 100 dúró fún orúkọ òǹkọ̀wé, 245 fún àkọlé, 260 fún ibi àti ọdún tí a tẹ ìwé, 650 fún ohun tí ìwé dá lé. Ẹni tí ó bá mọ àrokò kò ní í ka èyí sí àjèjì. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a fi okùn sín kò ní ẹnu, ṣùgbọ́n ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí yóò gbọ́ “ẹ̀fà” nínú rẹ̀, yóò sì mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ ń fà sí òun. Nọ́ńbà Avram rí bẹ́ẹ̀, àfi pé kò sí ewì nínú tirẹ̀. MARC ni wọ́n pe ètò náà. Ní ọdún 1966 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilé-ìkàwé 16 dán an wò. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Washington ń fi téèpù ránṣẹ́ sí wọn. Nígbà tí ó fi di ọdún 1969, ilé-ìkàwé tí ó bá fẹ́ ti lè sanwó kí ó sì gba téèpù náà.

Téèpù nìkan kò tó. Ní àsìkò kan náà, ilé-ìkàwé mẹ́wàá lè ra ìwé kan náà, kí òṣìṣẹ́ mẹ́wàá sì jókòó ní ìlú mẹ́wàá, kí wọ́n máa ṣe àkọsílẹ̀ ìwé kan ṣoṣo. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Ní ọdún 1967 àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì ìpínlẹ̀ Ohio para pọ̀, wọ́n dá OCLC sílẹ̀, wọ́n sì pe Frederick Kilgour, tí ó ti ṣe olórí ilé-ìkàwé ìṣègùn ní Yale, kí ó wá darí rẹ̀. Èrò Kilgour kò lọ́jú pọ̀: ilé-ìkàwé tí ó bá kọ́kọ́ rí ìwé kan ni yóò ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Columbus, àwọn yòókù yóò sì mú un lò. Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ tí a ti mẹ́nu bà. Èrè rẹ̀ hàn kedere. Àléébù rẹ̀ náà sì hàn nígbà tí ó yá: bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣì orúkọ kọ, gbogbo ilé-ìkàwé ni yóò bá a ṣì í. Àṣìṣe tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀ kan tẹ́lẹ̀ rí ti wá ní ẹsẹ̀, ó ń rìn láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀.

Ó yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá dúró díẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Ààyè inú kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà wọ́n gógó. Nítorí náà kì í ṣe odidi orúkọ ni wọ́n ń tẹ̀ láti wá ìwé lọ́dọ̀ OCLC. Ńṣe ni wọ́n ń gé e. Lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú orúkọ òǹkọ̀wé, kí wọ́n fi kọ́mà kan sí i, kí wọ́n sì fi lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú àkọlé tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ń wá Ògbójú Ọdẹ yóò tẹ “fagu,ogbo”. Bí ó bá jẹ́ àkọlé nìkan ni ó mọ̀, yóò mú lẹ́tà mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní, méjì nínú èkejì, méjì nínú ẹ̀kẹta, ọ̀kan nínú ẹ̀kẹrin: “ogb,od,ni,i”. Ó jọ ẹnà tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Fún orúkọ àwọn Òyìnbó, ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn kì í sábà jọra. Orúkọ Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìdílé ń bọ, tàbí ohun tí ó fi ń yangàn, ni ó sábà máa ń ṣíwájú: Ògún, Ifá, Ọ̀ṣun, Adé, Ọlá, Oyè, Akin. Bí a bá gé lẹ́tà mẹ́rin nínú Ògúndélé, nínú Ògúnbọ̀wálé, nínú Ògúnṣọlá, “ogun” ni gbogbo wọn. Àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Olúwa náà a di “oluw”, bí ọmọ ìyá. Ohun tí ó ya ẹnì kan sọ́tọ̀ nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀, apá ẹ̀yìn ni ó wà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì gé sọnù. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni pète ibi. Àwọn tí ó ṣe ètò náà kò ní Yorùbá lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é ni.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn tún le ju èyí lọ. Ní ọdún 1963 ni àwọn ará Amẹ́ríkà fẹnu kò lórí ASCII, ètò tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Àyè 128 péré ni ó ní. Kò sí ẹ, ọ àti ṣ níbẹ̀, ká má tilẹ̀ wá sọ ti á àti à. Àwọn olùtọ́jú ìwé kò lè fara mọ́ èyí, nítorí pé iṣẹ́ wọn ni láti kọ àkọlé bí ó ti wà lára ìwé, ìbáà ṣe ti Faransé, ìbáà ṣe ti Vietnam, ìbáà ṣe ti Yorùbá. Wọ́n fi àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì tí ó máa ń wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kún lẹ́tà tí MARC ń lò. Àmì ni wọ́n ń kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́tà a sì tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí àmì rẹ̀ kì í sún síwájú nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. (Unicode, tí ó jáde ní ọdún 1991, ni ó yí i padà: lẹ́tà ni ó ń ṣíwájú nínú tirẹ̀.) Báyìí ni ó fi jẹ́ pé ní àkókò tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò lè kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo kí ó pé, ti ilé-ìkàwé ti ní ohun tí yóò fi kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kíkọ yàtọ̀ sí wíwá. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń to ọ̀rọ̀ jọ fún wíwá, ó máa ń bọ́ àmì kúrò lára wọn, nítorí pé ẹni tí ó jókòó sí Chicago tàbí London kò ní bọ́tìnnì tí yóò fi tẹ àmì. Ọkọ tí ó gbé obìnrin níyàwó, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń kọ ebè, ọkọ̀ tí ń ná Ìbàdàn sí Èkó, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun jù: “oko” ni gbogbo wọn dà, oko tí àgbẹ̀ ń lọ náà sì wà láàárín wọn. A lè dá ẹ̀rọ láre pé ó sàn kí ènìyàn rí àrímáleèlò ju kí ó má rí nǹkan kan lọ. Àwọn kan sì wà tí wọ́n rí èyí, tí wọ́n ní ẹ̀rọ ti fi hàn pé àmì kò wúlò. Èrò òdì ni. Inú ìtò nìkan ni ẹ̀rọ ti bọ́ àmì. Nínú àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀, àmì wà síbẹ̀, òun ni ojú ènìyàn sì fi ń ṣa ọkọ̀ kúrò lára ọkọ́ nígbà tí èsì bá dé. Àkọsílẹ̀ tí a kọ láìfi àmì sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ohun tí ojú yóò fi ṣa ohunkóhun. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá fúnra wọn ni wọ́n tẹ àkọlé wọn láìsí àmì. Olùtọ́jú ìwé tí ó wà ní òkèèrè kò lè kọ ohun tí òǹkọ̀wé kò kọ.

Ti àkọtọ́ náà kò kéré. Àwọn ìwé tí ó jáde kí a tó ṣe àtúnṣe àkọtọ́ ní ọdún 1974 kún fún “aiye” àti “enia”. Ìwé tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ kún fún “Shango” àti “Oshogbo”. Ojú ènìyàn kò ní í ṣì í mú. Nínú àpótí káàdì, olùtọ́jú ìwé tí ó mọṣẹ́ a fi káàdì kékeré kan sí abẹ́ “Shango”, a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tí ó ń wá a lọ wo Ṣàngó. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni Oshogbo àti Òṣogbo àfi bí ènìyàn bá jókòó tì í, kí ó sì sọ fún un.

Ìwé odindi nìkan kọ́ ni àwọn ènìyàn ń wá. Oníṣègùn tí ó fẹ́ mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa àrùn kan kò lè ka gbogbo ìwé àtìgbàdégbà tí ó ń jáde. Láti ọdún 1879 ni John Shaw Billings ti bẹ̀rẹ̀ Index Medicus, ìwé tí ó ń to àkọlé àwọn àròkọ ìṣègùn jọ. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1960, ìwé náà ti nípọn, ó ti wúwo, àwọn tí ń ṣe é kò sì lè bá a mọ́. Ní ọdún 1964 wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún kọ̀ǹpútà, wọ́n pè é ní MEDLARS. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè yóò kọ ọ́ ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni èsì yóò gba ilé ìfìwéránṣẹ́ dé. Ní ọdún 1971 ni MEDLINE dé, tí tẹlifóònù sì gba ipò lẹ́tà. Ní ilé-iṣẹ́ Lockheed tí ó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, Roger Summit àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1972, DIALOG ni wọ́n ń tà á fún gbogbo ènìyàn.

Owó rẹ̀ ni ó bani lẹ́rù. Ìṣẹ́jú tí ènìyàn bá lò lórí wáyà ni wọ́n ń kà. Nítorí náà wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí ó ní ìbéèrè fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Olùtọ́jú ìwé ni ó ń bá a wá a. Kí ó tó dé ìdí ẹ̀rọ, yóò pe oníbèéèrè jókòó, yóò máa tú u wò. Ẹni tí ó bá lọ dífá, owó ni ó ń sọ̀rọ̀ sí wúyẹ́wúyẹ́, babaláwo kò ní í gbọ́ ohun tí ó sọ. Ifá ni yóò sọ ọ́. Ti ilé-ìkàwé kò gba irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Olùwádìí tí ó bá fi ìdajì ìbéèrè rẹ̀ pamọ́, ìdajì èsì ni yóò gbé lọ, owó odindi ni yóò sì san. Olùtọ́jú ìwé tí ó dáńgájíá mọ̀ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ jù: “àti”, “tàbí”, “yàtọ̀ sí”. Ó dà bí ohun kékeré. Kí ẹnì kan wá béèrè nípa àrùn ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rọ yóò mú ẹ̀gẹ́ wá, yóò sì fi gbágùúdá àti pákí sílẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé irúgbìn kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó mọṣẹ́ yóò tẹ “ẹ̀gẹ́ tàbí gbágùúdá tàbí pákí”, lẹ́yìn náà “àti àrùn”. Lédè Òyìnbó pàápàá, cassava ni àwọn kan ń kọ, manioc ni àwọn mìíràn ń kọ, àwọn onímọ̀ irúgbìn sì ń kọ Manihot. Kò sí ẹ̀rọ tí ó kọ́ olùtọ́jú ìwé ní èyí. Ìmọ̀ èdè ni. Àwọn tí ó rò pé kọ̀ǹpútà yóò sọ ìmọ̀ ọ̀rọ̀ di aláìwúlò, ìdàkejì rẹ̀ ni wọ́n bá pàdé.

Ní Cranfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìparí àwọn ọdún 1950 dé àwọn ọdún 1960, Cyril Cleverdon fi ìdánwò wádìí bí irú wíwá bẹ́ẹ̀ ṣe ń dára tó. Ó dà bí ọ̀rọ̀ apẹja àti àwọ̀n rẹ̀. Ìbéèrè méjì ni ó wà níbẹ̀: nínú gbogbo ẹja tí ó wà nínú odò, mélòó ni àwọ̀n kó? Nínú gbogbo ohun tí àwọ̀n kó, mélòó ni ẹja, mélòó ni ewé àti igi? Bí ojú àwọ̀n bá kéré, ẹja kò ní í bọ́, ṣùgbọ́n pàǹtírí yóò kún un; bí ojú rẹ̀ bá fẹ̀, pàǹtírí yóò jò, ẹja yóò bá a lọ. Bí ọ̀kan bá gòkè, èkejì a máa lọ sílẹ̀. Kò sí olùkọ́ tí ó ti máàkì ìwé ìdánwò rí tí kò mọ irú ìdààmú yìí: bí ó bá le jù, ẹni tí ó mọ̀wé yóò bá a kùnà, bí ó bá rọ̀ jù, aláìmọ̀wé yóò bá wọn yege. Calvin Mooers, tí ó fún iṣẹ́ wíwá ìmọ̀ yìí ní orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pè é láti ọdún 1950, tilẹ̀ sọ ní ọdún 1959 pé àwọn ènìyàn kì í lo ètò ìwádìí bí ó bá jẹ́ pé níní ìmọ̀ náà yóò dà wọ́n láàmú ju àìní rẹ̀ lọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ó ń bá wí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ìmọ̀ gbọ́dọ̀ kà á, ó gbọ́dọ̀ lò ó, ó sì lè bá a nínú rẹ̀ pé iṣẹ́ tí òun ti ṣe sílẹ̀ kò dára. Ọ̀pọ̀ ni kò fẹ́ mọ̀.

Gbogbo èyí, ilẹ̀ òkèèrè ni. Tẹlifóònù ilẹ̀ Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè fi bá California sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan nítorí àrùn ẹ̀gẹ́, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ wà. CD-ROM ni ó mú ìyípadà wá. Láti ọdún 1985 ni ó ti ń wọ ilé-ìkàwé. Àwo pẹlẹbẹ kan tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12 ni, ó sì lè gba nǹkan bí mẹgabáìtì 650, èyí tí ó tó àkọlé àti àkékúrú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àròkọ. Kò fẹ́ wáyà tẹlifóònù. Iná mànàmáná nìkan ni ó fẹ́, ìyẹn náà sì ní àwíjàre tirẹ̀. Ilé-ìkàwé IITA ní Ìbàdàn, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, wà lára àwọn tí ó tètè lo CD-ROM ní ilẹ̀ Áfíríkà ní ìparí àwọn ọdún 1980.

Ohun tí CD yí padà jù lọ kì í ṣe kíákíá. Àṣìṣe ni ó sọ di ọ̀fẹ́. Lórí wáyà, ẹni tí ó bá tẹ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ ti san owó àìmọ̀kan rẹ̀. Lórí CD, kò sí ẹni tí ń ka ìṣẹ́jú. Akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ ẹ̀gẹ́, kí ó rí ẹgbẹ̀rún, kí ó fi àrùn kún un, kí ó rí igba, kí ó yọ ọ́, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni olùtọ́jú ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò láàárín ẹni tí ń wá ìmọ̀ àti ẹ̀rọ. Ó di ẹni tí ń kọ́ni bí a ṣe ń wá a. Àdánù kan tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ a rí ogójì àkọlé, a kọ wọ́n sílẹ̀, a dé orí pẹpẹ, kò ní í bá ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn níbẹ̀, nítorí pé ilé-ìkàwé rẹ̀ ti dẹ́kun àtimáa ra ìwé àtìgbàdégbà láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní ọdún 1986. Kí ènìyàn mọ orúkọ oúnjẹ ogójì kò ní kí ebi má pa á. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ̀ fi yọ̀ nígbà tí ilé-ìkàwé Mann ti Yunifásítì Cornell gbé TEEAL jáde ní ọdún 1999: àpótí CD tí ó gbé odindi àròkọ iṣẹ́ àgbẹ̀ wá fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, kì í ṣe àkọlé nìkan.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn àpótí káàdì ti ń di òkìtì nígbà yìí. Nígbà tí ọdún 1981 wọlé, Library of Congress kò fi káàdì tuntun sínú tirẹ̀ mọ́. Àwọn ilé-ìkàwé mìíràn gba òṣìṣẹ́ tí ó ń da káàdì kọ sínú kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà wọ́n da káàdì nù. Ní ọdún 1994, òǹkọ̀wé Nicholson Baker kọ àròkọ gígùn kan nínú ìwé ìròyìn New Yorker láti fi bá wọn jà. Ó ní ìmọ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń jó níná. Àwọn olùtọ́jú ìwé kan bínú sí i, wọ́n ní onífọ́nfọ́n ni, pé kò mọ iye tí ó ń náni láti tọ́jú nǹkan méjì fún iṣẹ́ kan. Wọ́n jàre dé ibì kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí yóò máa fi káàdì sí i. Ṣùgbọ́n Baker rí ohun kan tí wọn kò fẹ́ rí: lẹ́yìn káàdì, olùtọ́jú ìwé kan tí ó ti kú ti fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta síbẹ̀, pé òǹkọ̀wé yìí ni ó tún kọ ìwé báyìí ní orúkọ mìíràn, pé ìwé tọ̀hún kò pé. Nọ́ńbà MARC kankan kò sí fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tí a ń sanwó fún ní iye káàdì tí ó bá dà kọ lóòjọ́. Ohun tí kò ní àyè nínú ẹ̀rọ kò wọ inú ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé-ìkàwé tuntun ti San Francisco ní ọdún 1996, nǹkan bí 50,000 káàdì àtijọ́ ni àwọn oníṣẹ́-ọnà lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ó rẹwà. Ẹni tí ó bá dúró níwájú rẹ̀ kò lè fi wá ìwé kankan.

Ohun kan wà tí àwọn tí ó ń sọ ìtàn yìí kì í sábà rántí. Ẹ̀rọ tí ó wà ní Columbus kò pa káàdì ní ọdún 1971. Ó ń tẹ káàdì ni. Ilé-ìkàwé tí ó bá ti ṣe àkọsílẹ̀ tán lójú ẹ̀rọ, OCLC yóò tẹ káàdì rẹ̀, yóò tò ó létòlétò, yóò sì fi í ránṣẹ́ kí wọ́n wá tì í bọ dúrọ́ọ̀. Ní ọdún 1985 nìkan, mílíọ̀nù 131 káàdì ni wọ́n tẹ̀. Fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ tuntun ni ó ń bọ́ àpótí àtijọ́. Avram fẹ̀yìn tì ní ọdún 1992. Òun àti Kilgour kú ní ọdún kan náà, 2006, káàdì sì ń jáde síbẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni OCLC tẹ èyí tí ó kẹ́yìn ní ìlú Dublin ní Ohio. Gbogbo èyí tí wọ́n ti tẹ̀ láti ọdún 1971 ti lé ní bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Concordia ní Bronxville, ní ìpínlẹ̀ New York, ni wọ́n fi àwọn ìkẹyìn náà ránṣẹ́ sí. Ẹ̀rọ ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Nígbà náà, wọ́n ṣì ń tọ́jú àpótí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bóyá ọjọ́ kan ẹ̀rọ lè má dáhùn.